Bí A Ṣe Gbá Ara Wa Kúrò Nínú Ìwé

Ọmọọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí wọ́n ti bí mi. Mo ní kò sí ohun tó kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìlú òkè ni; wọ́n ń gbin iṣu nígbà tí mo kúrò, àwọn tó kù síbẹ̀ ṣì ń gbin iṣu. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà ni etí omi lẹ́yìn Ajégúnlẹ̀, níbi tí ọ̀sà ti ya wọ àárín ilé bí ẹni na ìka. Bí èèyàn bá dúró níbẹ̀ tó gbójú sókè, kéréènì wọ́ọ̀fù Tin Can ni yóò máa wò, bí wọ́n ṣe ń já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀. Nínú omi yẹn ni mo ti fọ àpò fún ọdún mọ́kànlá, òun ni mo sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Àpò tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí obìnrin ń gbé há abíyá. Àpò ṣúgà, àpò ìrẹsì, àpò iyọ̀, gbogbo ohun tí òyìnbó bá dì wá sí wọ́ọ̀fù. Bí wọ́n bá tú ẹrù tán, òfìfo àpò a kù sílẹ̀, àwọn làbúrà a kó o. Ọkọ mi jẹ́ làbúrà níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kó mẹ́wàá wálé, ó ní kí n fi tẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mo wò ó, mo ní ta ni yóò sun orí ṣúgà kí èèrà wá kó o lọ? Mo rù ú lọ sí etí omi, mo rẹ ẹ́, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí adùn fi kúrò lára rẹ̀, mo sá a, mo fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ibi tó ya, àwọn tó ń kó gàrí lọ sí ọ̀nà jíjìn sì rà á lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe di alápò nìyẹn. Kí ọdún tó yí po, a ti pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin kan tó wá láti Wárì ni ìkejì mi, Ìyá Wárì ni gbogbo wa ń pè é. Kò gbọ́ Yorùbá tó nǹkan, èmi náà ò gbọ́ èdè tirẹ̀. Píjìn la fi ń bú ara wa, òun náà la fi ń bẹ ara wa.

Inú omi lèèyàn ń dúró láti àárọ̀, omi á dé orúnkún. Nígbà tí omi bá kún wá láti òkun ló máa ń mọ́ díẹ̀, ìgbà yẹn la ń fọ̀. Bó bá fà, ẹrọ̀fọ̀ ló kù, ìgbà yẹn la ń jókòó rán. Ẹsẹ̀ alápò yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Àárín ọmọ ìka rẹ̀ á funfun bí ẹja tó ti pẹ́ nínú omi, gìgísẹ̀ rẹ̀ á là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. A kì í bọ́ bàtà níbi àríyá.

Ọ̀tá kan ṣoṣo tí a ní ni Ẹnfáyírọ́mẹ́ntà. Ẹni tó bá gbé Èkó láyé àwọn ṣójà mọ̀ ọ́n. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde títí aago mẹ́wàá àárọ̀. Kóówá a máa gbá ojúlé rẹ̀, a máa kó gọ́tà, wolé-wolé á sì máa kiri láti wá ẹni tí wọ́n máa mú. Òyìnbó ní orúkọ gígùn tó ń pè é. Ohun tí àwa gbọ́ nínú rẹ̀ ni Ẹnfáyírọ́mẹ́ntà, ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé: kó ohun tí o fi ń jẹun pamọ́. Ìgbà kan wà tí ọ̀kan nínú wọn bá àpò mi lórí pákó tí mo sá a sí. Ó ní ìdọ̀tí ni. Àpò tí mo ti fọ̀, tó mọ́ ju ṣòkòtò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ! Ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i, ó sì dúró kí ó jó tán kó tó lọ, bí ẹni pé ẹran ló ń sun. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti pe Ẹnfáyírọ́mẹ́ntà, ọwọ́ mi a ti máa di ẹrù kí etí mi tó gbọ́ ìyókù.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ (ọmọọmọ mi ló bá mi ṣírò rẹ̀), lẹ́tà kan dé bá alága àwọn onílé àdúgbò wa. Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì ni alága yìí, ó ti bá àwọn tó ń yọ ẹrù ní Àpápá ṣiṣẹ́ rí. Ó ní awò ojú kan tó máa ń so kọ́ ọrùn, kì í fi í sójú àfi bí àwọn èèyàn bá ń wò ó. Kò fi lẹ́tà náà han ẹnikẹ́ni. Ó pe gbogbo wa sí iwájú ilé rẹ̀, ó gbé bébà náà sókè.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Àwọn Ẹnfáyírọ́mẹ́ntà ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Wọ́n fẹ́ wá yẹ etí omi wò."

Káfíńtà kan tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ní, "Ọjọ́rú kẹ̀? Ṣé Sátidé ò tó wọn jẹ mọ́ ni?"

"Èyí ju ti Sátidé lọ. Láti òkè ni. Òyìnbó wà nínú wọn."

"Yéè! Òyìnbó wolé-wolé! Wọ́n á máa tọ́ gọ́tà wò lẹ́nu nìyẹn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Mo ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fẹ́ wá yẹ̀ wò gan-an?"

Ó gbé awò sójú, ó wo bébà, ó yọ awò. "Ẹnfáyírọ́mẹ́ntà ni wọ́n kọ síbẹ̀, gbàgàdà báyìí. Ìyá alápò, ṣé ẹ fẹ́ kí n ka ju ohun tí wọ́n kọ lọ ni?"

Ó yẹ kó kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ewé mẹ́ta ni lẹ́tà náà, mo padà rí i. Ọ̀rọ̀ kan tó dá mọ̀ nínú rẹ̀ ló kà fún wa, ó sì fi ìyókù ṣe abẹ̀bẹ̀.

A gbálẹ̀. Mo ti gbálẹ̀ láyé mi, mi ò gbá irú ìyẹn rí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi kó gọ́tà. Àwọn tó ń yan ẹja fúnra wọn wó ààrò wọn, wọ́n kó amọ̀ rẹ̀ dà sínú ọ̀sà. Àwọn apẹja tukọ̀ wọn lọ sí òdìkejì. Àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọ̀sán, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. A tú pákó tí a fi ń sá àpò, a kó gbogbo àpò wọlé, ó kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọkọ mi ní òun ò mọ̀ bóyá ilé lòun wà tàbí inú ọkọ̀ ojú omi. A da ìsáàlì apakòkòrò sí etí omi títí àwọn akàn fi jáde kúrò nínú ihò wọn tí wọ́n ń wò wá. Alága tilẹ̀ ní kí wọ́n fi ẹfun kun àwọn òkúta tó wà létí omi. Wọ́n kùn ún. Òkúta funfun ní Ajégúnlẹ̀! Ẹ ò rí ìwà òmùgọ̀.

Nígbà tí ó fi máa di Ọjọ́rú, etí omi ti mọ́ bí àwo tí ajá lá. Kò sí ọkọ̀, kò sí ààrò, kò sí àpò, kò sí ọmọ. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ nígbà náà á rò pé àná ni Ọlọ́run dá a.

Jíìpù méjì ni wọ́n gbé wá. Òyìnbó méjì ló wà nínú rẹ̀, àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta tó wọ ìbọ̀wọ́ bíi dókítà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, Ìyá Wárì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tó wo gọ́tà. Gọ́tà tí a fi ọjọ́ mẹ́ta kó! Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ aṣínwín kọjá. Wọ́n lọ tààrà sí etí omi, wọ́n bu omi sínú ìgò kéékèèké, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn. Òyìnbó tó ga mú àpótí kékeré kan jáde, ó ń nà án sí ilẹ̀, àpótí náà ń dún tọ́-tọ́-tọ́.

Ìyá Wárì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Na fowl dem dey call?"

Mo ní kó dákẹ́, kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹ̀rín wa.

Wọ́n bi alága léèrè bóyá àwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ láti ibi tí mo wà, nítorí pé bí ó bá ti ń sọ èèbó, ńṣe ló ń pariwo. No sir, never sir. Ó ní kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, pé àwọn kì í gbà fún wọn. Ó gbé àyà síwájú bí àkùkọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀dọ́bìnrin kan nínú wọn yà wá sọ́dọ̀ wa. Ṣòkòtò ló wọ̀, ó di ìwé mọ́ àyà, ọmọ Yorùbá ni, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wa. Ìwà rẹ̀ dára, kí n má parọ́ mọ́ ọn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ìyá, ṣé ibí lẹ̀ ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ̀ ń lo omi yìí fún nǹkankan? Bóyá iṣẹ́, bóyá ẹ̀ ń fọ nǹkan níbẹ̀?"

"Èmi? Omi yìí?" Mo gbá àyà. "Ká má rí i! A kì í tilẹ̀ débẹ̀."

"Àwọn ará ilé yín ńkọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò débẹ̀. Omi ẹ̀rọ la ń lò."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Mo fà á sábẹ́ ìró. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì lọ. Bí jíìpù wọn ṣe yí ẹ̀yìn padà, gbogbo àdúgbò hó yèè. A ti bọ́! Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, pákó ti padà sí etí omi, èmi àti Ìyá Wárì sì ń fi bí mo ṣe gbá àyà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe fún un lẹ́ẹ̀mẹta.

Oṣù mélòó kan kọjá. Wọ́n wá ní gbogbo àdúgbò gbọ́dọ̀ wá jókòó ìpàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Àpápá, ní ìtòsí Liverpool Road, pé àwọn aláyẹ̀wò fẹ́ wá sọ ohun tí wọ́n rí. Alága ní kí àwọn obìnrin náà wá, nítorí wọ́n máa ya fọ́tò. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ dé nìyẹn.

Fáànù wà nínú gbọ̀ngàn náà, wọ́n pín mínírà fún wa. Lára ògiri, wọ́n ya àwòrán ọ̀sà wa, wọ́n fi aró kùn ún! Ibi tí ilé wa wà, igi ni wọ́n yà síbẹ̀. Ògbufọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ kóòtù, òógùn ń dà á. Ó dìde, ó ní:

"Ẹ̀yin òbí wa, ohun tí a fẹ́ gbé wá fún yín ni ẹ̀rọ ìdánwò kan, tó ń lo iná átọ́míìkì."

Áfà kan tó jókòó níwájú ní, "Àúsù bílláhì! Ìdánwò wo?"

Obìnrin oníṣọ́ọ̀ṣì kan ti dìde. "A ò ní rí ìdánwò lórúkọ Jésù!"

"Àmín!" Kristẹni àti Mùsùlùmí, gbogbo wa la jọ ṣe é.

Ògbufọ̀ ń ju ọwọ́. "Rárá, rárá, ẹ jọ̀ọ́ mà. Kì í ṣe irú ìdánwò yẹn. Bíi ti ilé ìwé ni. Wọ́n fẹ́ dán an wò ni, wọn ò tíì ṣe irú rẹ̀ rí."

Káfíńtà ní, "Ti ilé ìwé kẹ̀? Ọmọ mi ti féèlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu gbogbo ilé. Òyìnbó béèrè ohun tí a ń rín, ògbufọ̀ ní inú wa ló ń dùn. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ògbufọ̀ wá tú u palẹ̀. Wọ́n á gbé iná náà sórí pẹpẹ irin kan tó léfòó, wọ́n á so ó mọ́ ojú omi wa gan-an. Á máa fún wọ́ọ̀fù ní iná mànàmáná. Á máa fa omi ọ̀sà mu láti fi tu ara rẹ̀ lára, á sì máa pọ omi náà padà ní gbígbóná. Wọ́n á fi wáyà sé gbogbo etí omi, kò ní sí ẹni tó máa débẹ̀ mọ́. Ìwé sọ pé kò séwu.

Mo ní, "Ṣé ẹ ti rí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ rí?"

"Rárá mà, ìdí tó fi jẹ́ ìdánwò nìyẹn."

"Báwo ni ìwé ṣe mọ̀ pé kò séwu?"

Ó yíjú sí òyìnbó, òyìnbó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó yíjú padà. "Ó ní wọ́n ti ṣírò rẹ̀ mà."

Mo jókòó. Ẹni tó ṣírò ohun tí kò rí rí, irú wọn pọ̀ ní ìlú mi, abẹ́ igi ọdán ni wọ́n ń jókòó sí, kò sẹ́ni tó ń ra mínírà fún wọn.

Ògbufọ̀ ṣí ojú ewé mìíràn. Ó ní ó ti kan ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé etí omi. Ó kà á: "Kò sí ẹni tó ń lo etí omi náà fún iṣẹ́ kankan. Nítorí náà, kò sí ẹni tí a ó kó kúrò, kò sì sí ẹni tí a ó wá àyè mìíràn fún. Alága àdúgbò jẹ́rìí sí i. Obìnrin àgbàlagbà kan níbẹ̀ náà jẹ́rìí pé àwọn kì í tilẹ̀ débẹ̀."

Èmi ni obìnrin àgbàlagbà. Mi ò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta fún Ìyá Wárì, òun ni òyìnbó kó sínú ìwé, tí wọ́n fẹ́ fi gba omi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo wẹ̀yìn. Àwọn tó ń yan ẹja wo ilẹ̀. Àwọn apẹja wo fáànù. Mo rí ohun tó di gbogbo wa lẹ́nu: bí a bá sọ pé a ń lo omi náà, a ti jẹ́wọ́ fún wolé-wolé. Bí a ò bá sọ ọ́, omi ti lọ.

Mo ń dìde, alága fa ìró mi láti ẹ̀yìn. "Ìyá alápò, ẹ jókòó. Wọ́n á kó gbogbo wa ní Sátidé. Ẹ fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́ lójú òyìnbó?"

"Orúkọ wo? Èyí tí ẹ fi ẹfun kùn?" Mo já ìró mi gbà. Mo ní, "Ẹ sọ fún òyìnbó pé mo parọ́."

Ògbufọ̀ ń wò mí.

"Sọ fún un! Èmi ni obìnrin àgbàlagbà tó wà nínú ìwé. Mo parọ́ fún wọn. Inú omi yẹn ni mo wà lójoojúmọ́."

Ọ̀gá tó jókòó láàárín, ọmọ wa ni, ó gbá gbohùngbohùn ní ìka. "Ìyá, ìwé yìí ti wà ní gbangba tipẹ́. Ẹni tó bá ní àtakò ìbá ti kọ ọ́ wá."

"Gbangba wo? Níbo lẹ gbé e sí, sà?"

"Ní láíbìrì."

"Ẹ gbé e sí láíbìrì, ẹ ní gbangba ni. Ẹ ò bá gbé e sínú ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ ní mọ́ṣáláṣí ni."

"Ìyá, ẹ̀rí wo lẹ ní? A ti débẹ̀. A ò rí nǹkankan."

Mo bọ́ bàtà mi. Mo fa àga kan tó ṣófo sí iwájú tábìlì wọn, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lé e, mo ya ọmọ ìka rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn kí wọ́n rí àárín rẹ̀. Òyìnbó fà sẹ́yìn. Mo gbọ́ bí Ìyá Wárì ṣe pòṣé lẹ́yìn mi, ó ní, "Shift make I put my own." Ó gbé tirẹ̀ tì í. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn alápò tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í dìde níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ya fọ́tò ò mọ ibi tó máa kọjú sí.

Ọ̀dọ́bìnrin tó bi mí léèrè ọjọ́sí wà ní ìkángun tábìlì. Ó ti dá mi mọ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Ìyá, kí ló dé tí ẹ sọ fún mi pé ẹ kì í débẹ̀?"

"Ṣebí Ẹnfáyírọ́mẹ́ntà ni ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, ti àyẹ̀wò bí ẹ̀rọ yìí ṣe máa kan àdúgbò yín…" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ Èkó ni, ó ti yé e. Ó wo alága wa, alága gbé awò sójú, kò sì sí bébà kankan níwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà yíjú sí òyìnbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, èèbó rẹ̀ ń sáré. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu òyìnbó ni "Saturday?" Ó tún ní, "Saturday?" Kò yé e. Ẹni tí wolé-wolé ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí, báwo ló ṣe máa yé e?

Ọ̀gá ní wọ́n á fi kún ìwé. Ìpàdé tú ká.

Kí n tó sọ ìyókù, ẹ̀rọ náà ò wá. Kì í ṣe nítorí tiwa o. Mi ò mọ ohun tó dé sí i, kò sì sí ẹni tó wá sọ fún wa. Àwọn tó lè ṣírò ohun tí wọn ò rí rí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń sọ yìí, a ò tíì mọ̀ pé kò ní wá.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi ní etí omi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ẹrọ̀fọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mú ìwé tuntun wá.

"Wọ́n ti kọ yín sí i, mà."

"Kí ni wọ́n kọ?"

Ó kà á ní èèbó, ó yí i sí Yorùbá, ojú ń tì í. "Nígbà mìíràn, a máa ń rí obìnrin díẹ̀ tó ń fọ àpò níbẹ̀. Wọ́n ṣeé kó kúrò."

"Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ń pè ní nígbà mìíràn?"

"Ohun tí mo kọ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà. Wọ́n gé e."

"Wọ́n gé e ku ibi tó dùn mọ́ wọn. Fi hàn mí, ibo ni obìnrin wà níbẹ̀?"

Ó fi ìka sí i. Ó kéré bí èèrà. Mo wò ó dáadáa, mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ bí mo ṣe tó.

Ó wá sọ ohun tó gbé e wá gan-an. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun ò gbà gbọ́ pé alápò wà níbẹ̀, pé a kàn fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ni. Wọ́n ti ní kí ìjọba ìbílẹ̀ rán ẹnìkan lọ wò ó. "Bí kò bá bá yín níbẹ̀, wọ́n á pa ìlà yìí rẹ́. Bó bá bá yín, wọn ò lè sọ pé kò sí ẹni tí wọ́n máa wá àyè fún."

"Ta ni wọ́n máa rán?"

"Wolé-wolé ni, mà. Sátidé tó ń bọ̀ yìí."

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni.

Mo sọ fún gbogbo wọn. Àwọn tó ń yan ẹja ní àwọn ò sí níbẹ̀. Alága ní bí mo bá jáde kí aago mẹ́wàá tó lù, òun ò mọ̀ mí rí. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, òun kúkú ti sọ fún òyìnbó pé òun ò mọ̀ mí. Ọkọ mi ní kí n sáà má kó gbogbo àpò jáde, kí n fi díẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni mo kó. Àárọ̀ Sátidé náà, ìta dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo èèyàn wà nínú ilé tí wọ́n ń gbá ohun tí wọ́n ti gbá. Omi kún dáadáa. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpò. Mo ti rò pé èmi nìkan ni màá wà níbẹ̀, àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń já omi lẹ́yìn mi. Ìyá Wárì ni, ó ń ṣépè fún èmi àti ìran mi ní píjìn, ó ru àpò lórí.

Wolé-wolé dé nígbà tí oòrùn ti ń mú. Òun nìkan ló wá, ó ní ìwé lọ́wọ́ àti bíírò. Ó dúró lórí pákó, kò fẹ́ kí bàtà òun tutù.

"Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí! Ẹ ò mọ ọjọ́ tí òní jẹ́ ni?"

"A mọ̀ ọ́n, sà."

"Ta ló ni gbogbo ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀ yìí?"

"Àpò ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Èmi ni mo ni ín."

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ẹ mọ̀ pé mo lè gbé yín lọ sí kóòtù báyìí?"

"Mo mọ̀. Kọ ìyẹn náà sí i. Kọ pé láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. Ó wo Ìyá Wárì, Ìyá Wárì ń fọ àpò rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ṣí ìwé, ó tẹ bíírò, ó béèrè orúkọ mi. Mo jáde kúrò nínú omi, mo sọ orúkọ mi fún un, ti ara mi àti ti bàbá mi, mo sì dúró tì í, omi ń kán lára mi sórí bàtà rẹ̀, títí ó fi kọ ọ́ tán.